Agbára Orí Ìwé, Agbára Orí Títì: Báwo Ni Àwọn Muscle Car Ilẹ̀ Amẹ́ríkà Ṣe Lágbára Tó?

Irú ọkọ̀ kan wà tí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣe láàárín ọdún 1964 sí nǹkan bí 1972, tí òkìkí rẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní. Muscle car ni wọ́n ń pè é: ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi lójú àwọn ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì ràgàjì onísílíńdà mẹ́jọ bọ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń tà á ní iye tí ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ oṣù lè tù jọ. Pontiac GTO wà níbẹ̀, Chevrolet Chevelle, Dodge Charger, Plymouth Road Runner, Buick Gran Sport, àti Ford Mustang tó bá ti ní ẹ́ńjìnnì ńlá. Bí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ bá ń jiyàn lórí wọn, ìtàn méjì ni ẹ ó máa gbọ́. Àwọn kan ní irú rẹ̀ kò sí mọ́ láyé: wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ìgbà náà ń gbé 425, 435, 450 họ́ọ̀sípáwà jáde, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìjọba àti epo dé ní 1972 tí gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn kejì ní irọ́ gbuu ni, nọ́ńbà àwọn ọlọ́jà lásán, pé Camry tí ìyá àgbà ń wà lọ sọ́jà lónìí yóò yà wọ́n kọjá fẹ̀ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀rí gbé kalẹ̀ ni pé ibi kan náà ni ọ̀tún àti òsì ti ṣì í. Nọ́ńbà inú ìwé ìpolówó ni wọ́n jọ ń wò. Àwọn kan gbà á, àwọn kan kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà náà kì í ṣe ìwọ̀n ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ agbára àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, kó pa ìwé ìpolówó dé, kó wo bí ọkọ̀ náà ṣe wúwo tó, àti bí eré rẹ̀ ṣe le tó nígbà tó sá dé òpin ìdámẹ́rin máìlì.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń rí nọ́ńbà yẹn. Họ́ọ̀sípáwà, ìyẹn agbára ẹṣin, jẹ́ òṣùwọ̀n tí James Watt, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gbé kalẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, kí àwọn tó ń fi ẹṣin ṣiṣẹ́ lè mọ iye ẹṣin tí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò rọ́pò. Ẹyọ kan rẹ̀ ni agbára tó lè gbé ẹrù 33,000 pọ́n-ùn sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Òṣùwọ̀n náà kò ní àléébù. Inú yàrá tí wọ́n ti ń díwọ̀n ẹ́ńjìnnì ni wàyó ti wọlé. Ṣáájú 1972, ìlànà tí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé, tí SAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ọkọ̀, sì fọwọ́ sí, jẹ́ èyí tí a lè pè ní ìwọ̀n oníhòòhò. Wọn á yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú ọkọ̀, wọn á gbé e sórí ẹ̀rọ dáínò, èyí tó máa ń fà á sẹ́yìn bó ṣe ń yí kí wọ́n lè mọ bí ipá rẹ̀ ṣe tó. Wọn á tú fáànù rédíétọ̀ dànù. Wọn á tú alternator, wọn á tú pọ́ǹpù tó ń mú sítíárì rọ̀. Kò ní sí àpótí tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ lórí kábúrétọ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè máa mí fàlàlà. Páìpù irin wíwúwo tó há, èyí tó ń kó èéfín jáde nínú ọkọ̀ tí oníbàárà yóò rà, wọn ò ní lò ó. Páìpù gbọọrọ tó ń da èéfín síta láìsí sàlẹ́ńsà ni wọn á so mọ́ ọn. Ẹnjiníà á wá dúró tì í, á máa yí àsìkò tí pílọ́ọ̀gì ń ṣáná sí iwájú sẹ́yìn, á máa tún iye epo tí kábúrétọ̀ ń fún un ṣe, títí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yóò fi gun ibi tó ga jù. Ibi tó gùn dé yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé ìpolówó. Ó dà bí kí á ní kí alábàárù sọ ẹrù kalẹ̀ kó sáré lófo, kí á wá sọ fún oníbàárà pé bí yóò ṣe máa sáré náà nìyẹn tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀.

Láti ọdún 1972 ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí lo ìwọ̀n kejì, tí èmi yóò máa pè ní ìwọ̀n aláṣọ: ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú fáànù rẹ̀, alternator rẹ̀, àpótí afẹ́fẹ́ rẹ̀, sàlẹ́ńsà rẹ̀, bó ṣe máa rí gan-an nínú ọkọ̀. Àmọ́ ọdún 1971 ló tú àṣírí, nítorí pé General Motors kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì kan náà lọ́dún yẹn. Ẹ mú ẹ́ńjìnnì LT-1 inú Chevrolet Corvette, oní 350 kúbíìkì íǹṣì, ìyẹn lítà 5.7. Ní 1970, ìwé ní 370 họ́ọ̀sípáwà ni. Ní 1971 ó di 330. Ní 1972 ó di 255. Ẹni tó bá ka ìyẹn lásán yóò káwọ́ lérí pé ẹ́ńjìnnì ti kú, pé 115 bá tiẹ̀ lọ láàárín ọdún méjì. Ẹ jẹ́ kí á tú u wò. Láti 370 sí 330, àdánù gidi ni. Edward Cole, ààrẹ General Motors nígbà náà, ti pinnu pé gbogbo ẹ́ńjìnnì ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ lè mu epo tí òjé inú rẹ̀ kéré, nítorí náà wọ́n dín bí písítìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ kù, láti ìlọ́po 11 sí ìlọ́po 9. Agbára gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀, 40 sì lọ. Ṣùgbọ́n ní 1971 yẹn kan náà, ẹ́ńjìnnì tó ní 330 ní ìhòòhò, 275 ló ní nígbà tó wọṣọ. Písítìnì kan náà, kábúrétọ̀ kan náà, ọdún kan náà; 55 pòórá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi sípánà kan bóòtù kan. Èyí tó ṣẹ́ kù, láti 275 sí 255, 20 péré, ni ọdún 1972 fúnra rẹ̀ mú lọ. Nínú 115 tí wọ́n ń sunkún lé lórí láti ìgbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó jẹ́ pé orí ìwé nìkan ló kú sí.

Bákan náà ni ti àwọn yòókù lọ́dún 1971. Ẹ́ńjìnnì LS5 inú Corvette, 454 kúbíìkì íǹṣì, ní 365 ní ìhòòhò, 285 nínú aṣọ. LS6, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní 425, ó di 325. Hemi 426 ti Chrysler, tí orúkọ rẹ̀ nìkan ń mú àgbààgbà ọkùnrin rẹ́rìn-ín músẹ́, 425 náà ni, ó sì di 350. Ẹ kíyè sí i pé LS6 àti Hemi ń jẹ́ 425 kan náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn méjèèjì wọṣọ, 25 ló wà láàárín wọn. Èyí ni kò jẹ́ kí n fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé kí á kàn máa yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò nínú nọ́ńbà àtijọ́, pé ó parí. LT-1 pàdánù bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún, LS6 pàdánù ju ìdá 23 lọ. Bí páìpù èéfín kan ṣe há sí, bí fáànù kan ṣe tóbi sí, ohun tí ẹrù ń jẹ lára ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan kò lè dọ́gba.

Bó bá sì jẹ́ pé àbùmọ́ nìkan ni wọ́n ń ṣe, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ kan náà tó ń bù mọ́ ọn níhìn-ín ń bù kúrò lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ NHRA, tó ń ṣètò eré-ìje ọkọ̀ lórí ọ̀nà títọ́ ní Amẹ́ríkà, máa ń fi nọ́ńbà inú ìwé pín ìwúwo ọkọ̀ láti mọ ìsọ̀rí tí ọkọ̀ yóò bọ́ sí. Ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré, àwọn tí kò tó o ni yóò máa bá díje. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà ń wo nọ́ńbà yìí, owó gọbọi ni wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ra ọkọ̀ alágbára, tó fi jẹ́ pé nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1970, owó yẹn ti ń lé oníbàárà sá. Nínú General Motors fúnra rẹ̀, òfin abẹ́lé kan ní, yàtọ̀ sí Corvette, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ní ju họ́ọ̀sípáwà kan fún pọ́n-ùn 10 ìwúwo rẹ̀. Nígbà tí irú òfin báyìí bá wà nílẹ̀, tí ẹnjiníà sì ti ṣe ẹ́ńjìnnì tán, ohun tó rọrùn jù láti tún ṣe ni nọ́ńbà.

Corvette ọdún 1967 ló fi èyí hàn jù. Ẹ́ńjìnnì oní 427 kúbíìkì íǹṣì, lítà 7, wà fún un ní oríṣi mélòó kan. Èyí tó ń jẹ́ L71, tí ènìyàn lè wà lọ síbi iṣẹ́, 435 ni wọ́n kọ fún un. Èyí tó ń jẹ́ L88, ẹ́ńjìnnì eré-ìje pọ́ńbélé ni: ìlọ́po 12.5 ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, epo tí okiténì rẹ̀ tó 103 ló ń bèèrè, wọn ò sì gbà kí rédíò tàbí ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru wọnú ọkọ̀ tó bá ní in, kí ẹni tó fẹ́ fi ṣe fàájì lásán má baà sún mọ́ ọn. Ogún péré ni wọ́n ṣe lọ́dún yẹn. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún un? 430. Ó fi márùn-ún kéré sí ti ọkọ̀ ojú títì, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ju 500 lọ ní ìhòòhò. Wọn ò tiẹ̀ purọ́ pátápátá, ẹ máa wò ó. Níbi tí ẹ́ńjìnnì náà kò tíì yí dé òkè agbára rẹ̀ ni wọ́n ti ka nọ́ńbà, wọ́n sì dákẹ́. Ford náà ṣe tirẹ̀ ní 1968 pẹ̀lú Mustang oní 428 Cobra Jet: 335 ni wọ́n kọ. Nígbà tí ọkọ̀ náà gba ipò iwájú níbi ìdíje Winternationals ti NHRA ní Pomona, ìpínlẹ̀ California, ẹgbẹ́ náà kò gba 335 gbọ́ mọ́. Wọ́n fi 360 tiwọn sí i. Ẹ wá wò ó: adájọ́ eré-ìje ti ń tún nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ kọ. Ohun tó dúró sínú ìwé ìpolówó jẹ́ èsì ìdúnàádúrà láàárín ẹnjiníà, onípolówó, adójútòfò àti ẹgbẹ́ eré-ìje, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tó ń wá.

Báwo ni a ṣe wá fẹ́ mọ òtítọ́? Ọkọ̀ tó bá gbéra láti ìdúró, tó sì sá ìdámẹ́rin máìlì, ìyẹn nǹkan bí mítà 402, ti gbé ìwúwo ara rẹ̀ dé ìwọ̀n eré kan láàárín àkókò kan. Iṣẹ́ nìyẹn, agbára ló sì ń ṣe é. Ìṣirò kan wà tí àwọn eléré-ìje Amẹ́ríkà ń lò. Ẹni tó bá ní bírò lọ́wọ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ mú eré ọkọ̀ náà nígbà tó kọjá ìlà òpin, ní iye máìlì fún wákàtí kan. Ẹ pín in sí ọ̀nà 234. Ẹ kọ èsì yẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ mọ́ra wọn. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìwúwo ọkọ̀ àti awakọ̀ ní pọ́n-ùn sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni họ́ọ̀sípáwà aláṣọ, ní ìdíwọ̀n tó súnmọ́ òótọ́. Bí àpẹẹrẹ, ọkọ̀ tí òun àti awakọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,000 pọ́n-ùn, tó kọjá ìlà ní máìlì 100, ìyẹn kìlómítà 161, yóò fún wa ní 312. Bí ìwé bá pè é ní 425, a ti mọ ohun tí a ó sọ.

Ìṣirò yìí kì í ṣe eré o. Ẹ jẹ́ kí á fi wo ìtàn kan tó gbajúmọ̀. Ní 1964 ni Pontiac gbé GTO jáde. John DeLorean, olórí ẹnjiníà Pontiac, àti àwọn ẹnjiníà abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n yí òfin General Motors po, òfin tó ní ọkọ̀ alábọ́dé kò gbọdọ̀ lo ẹ́ńjìnnì tó ju 330 kúbíìkì íǹṣì lọ. Wọ́n mú ẹ́ńjìnnì 389, lítà 6.4, wọ́n fi í sínú Tempest LeMans gẹ́gẹ́ bí àfikún tí oníbàárà lè sanwó fún. Ìwé ní 325 họ́ọ̀sípáwà, tàbí 348 fún èyí tó ní kábúrétọ̀ mẹ́ta. Nínú oṣù kẹta ọdún náà, ìwé ìròyìn Car and Driver gbé e sójú ewé àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti yà á pẹ̀lú Ferrari GTO bíi pé wọ́n jọ ń sáré. Wọn ò jọ sáré rárá, àwòrán lásán ni. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ èsì ìdánwò Pontiac náà síbẹ̀: ìdámẹ́rin máìlì ní ìṣẹ́jú àáyá 13.1, ní máìlì 115 fún wákàtí kan. Ìwé ìròyìn Motor Trend náà dán GTO wò lọ́dún kan náà, tiwọn jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 15.8, ní máìlì 93. Ọkọ̀ kan náà, orúkọ kan náà. Bí a bá fi ìwúwo ọkọ̀ àti awakọ̀ sí 3,600 pọ́n-ùn, ìṣirò wa yóò ní 427 họ́ọ̀sípáwà fún ti Car and Driver, àti 226 fún ti Motor Trend. 226 lè kéré díẹ̀ sí òótọ́, torí pé jíà ẹ̀yìn àti ọwọ́ awakọ̀ lè dín eré kù. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà kankan tí ẹ́ńjìnnì tó ní 348 ní ìhòòhò yóò fi wọṣọ kó di 427. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni Jim Wangers, tó ń ṣiṣẹ́ ìpolówó fún Pontiac nígbà náà, jẹ́wọ́ ní gbangba pé ẹ́ńjìnnì 421 ni wọ́n fi sínú ọkọ̀ tí Car and Driver dánwò, láti ọ̀dọ̀ ilé ìtajà ọkọ̀ Royal Pontiac ní Royal Oak, ìpínlẹ̀ Michigan. Ẹni tó bá ní bírò àti ìwé ní 1964, ì bá ti fura kó tó jẹ́wọ́.

Ìṣirò kan náà tó mú GTO yẹn ló dá ọkọ̀ mìíràn láre. Ní 1970, Motor Trend dán Buick GS 455 Stage 1 wò, ó sì sá ìdámẹ́rin máìlì ní ìṣẹ́jú àáyá 13.38, ní máìlì 105.5. Buick ní ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ 360, ní ìhòòhò. Bí a bá fi gbogbo rẹ̀ sí 4,000 pọ́n-ùn, ìṣirò ní 367, nínú aṣọ! Òótọ́ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń tún ọkọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ fún oníròyìn ṣe dáadáa kí wọ́n tó gbé e lé wọn lọ́wọ́, ọ̀ràn GTO sì ti kọ́ wa ní ìfura. Ẹ jẹ́ kí á yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nítorí ìyẹn. 330 ni yóò kù, ó sì tún ju ohun tí a lè retí lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì oní 360 tó wọṣọ, èyí tí kò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ ju 290 lọ. Buick fara pamọ́ ni. Hemi ní tirẹ̀, nínú àwọn ìdánwò tó dára fún un, ń kọjá ìlà ní nǹkan bí máìlì 105. Pẹ̀lú 4,100 pọ́n-ùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 370. Nọ́ńbà aláṣọ tí Chrysler kọ fún un ní 1971 jẹ́ 350. Nígbà tí ìwé àti títì bá súnmọ́ra báyìí, ó yẹ kí á gbà pé òkìkí Hemi kì í ṣe ti ẹnu lásán.

Ẹnìkan lè sọ pé táyà ni mo gbàgbé, pé táyà tín-ín-rín ìgbà náà kò lè di títì mú, pé ẹ́ńjìnnì yóò máa yí wọn lójú kan tí èéfín yóò máa rú, àti pé bí a bá fi táyà òde òní sí wọn, eré wọn yóò yàtọ̀. Mo gbà, ìdí tí mo fi ń lo eré òpin dípò àkókò náà nìyẹn. Táyà tó yọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ lè ná ọkọ̀ ní odidi ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa dé ìlà òpin, táyà ti di títì mú tipẹ́, agbára ẹ́ńjìnnì àti ìwúwo ló kù tó ń bára wọn fà á. Táyà tó dára yóò sọ ọkọ̀ oní 13.5 di oní 12 àti ààbọ̀. Eré òpin rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan.

Àwọn mìíràn á ní àwọn ti rí Hemi tàbí LS6 lórí dáínò lẹ́nu àìpẹ́ yìí, tó ń gbé 480 tàbí 500 jáde. N kò jiyàn pé wọ́n rí i. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó ti lo àádọ́ta ọdún, wọ́n ti tú u palẹ̀ rí. Wọ́n ti gbẹ́ sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ sí i kí wọ́n tó fi písítìnì tuntun sí i, kámúṣáfùtì òde òní sì lè ti wọnú rẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, páìpù gbọọrọ aláìní sàlẹ́ńsà ni wọ́n tún so mọ́ ọn lórí dáínò náà. Wọ́n ti tún bọ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún wa pé òtítọ́ àtijọ́ la rí.

Agbára nìkan kọ́ ni ọkọ̀ sì ní. Ipá ìyípo, tí àwọn Amẹ́ríkà ń fi ẹsẹ̀ bàtà àti pọ́n-ùn kà, ni ohun tó ń ti ẹ̀yìn ènìyàn mọ́ àga nígbà tó bá tẹ epo. Buick Stage 1 tí mo dárúkọ yẹn ní 510 rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí 2,800 péré láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì kékeré òde òní lè ní họ́ọ̀sípáwà tó pọ̀ tó tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sá gan-an kó tó fi hàn. Ibẹ̀ ni ìrántí àwọn àgbà ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ara wọn ló gbọ́ ọ, wọ́n kàn fi nọ́ńbà tí kò bá a mu sọ ọ́ ni. Ní ti dídúró, àánú ló ń ṣe mí. GTO 1964 tó lè sáré bẹ́ẹ̀, bíréèkì onílù kékeré ló wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, yóò gbóná, kò ní di ọkọ̀ mú bó ṣe yẹ mọ́. Kò sí ìwé ìpolówó tó kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Camry ló kù. Camry oní V6 ọdún 2007, lítà 3.5, ní 268 họ́ọ̀sípáwà aláṣọ, ó sì ń sá ìdámẹ́rin máìlì ní ìṣẹ́jú àáyá 14 àti díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò na GTO tí Motor Trend dánwò, yóò sì na ọ̀pọ̀ muscle car tí àwọn ènìyàn rà ní ti gidi. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣì í. Ohun tó gbàgbé ni pé kò ní na Buick Stage 1, kò sì ní na Hemi. Ẹni tó ń yin àtijọ́ náà ní ohun tó gbàgbé: pé àwọn ọkọ̀ tó gbé òkìkí náà ró kò pọ̀. Pontiac ta GTO 32,450 ní 1964. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe Corvette L88, 216 ni gbogbo rẹ̀. Camaro ZL1 ti 1969, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, 69 ni wọ́n ṣe. Ohun tí ọ̀dọ́ kan ní Detroit tàbí Chicago ń wà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò sún mọ́ ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìtàn wọn ló ń sọ.

Àwọn tó bá sì rò pé ìwọ̀n aláṣọ ti 1972 fòpin sí gbogbo wàyó, Camry kan náà ni kí wọ́n wò. Ìlànà ìwọ̀n aláṣọ fi àyè kéékèèké sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́, irú epo tó máa lò, iye òróró tó wà nínú ẹ́ńjìnnì, àwọn ẹrù tó gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. SAE tún un ṣe, nígbà tó sì di 2005 wọ́n fi ìwé-ẹ̀rí kan kún un, èyí tó ní ẹlẹ́rìí tó mọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró nínú yàrá nígbà tí wọ́n bá ń díwọ̀n. Cadillac STS-V, tí wọ́n ti kéde ní 440, di 469 lójú ẹlẹ́rìí. Camry oní V6 lítà 3.0, tó jẹ́ 210 ní 2005, di 190 ní 2006. Ti lítà 3.3 bọ́ láti 225 sí 210. Ẹ́ńjìnnì kò yí padà. Púpọ̀ nínú àwọn Camry 2005 wọ̀nyẹn ti gba ọ̀nà òkun wá sọ́dọ̀ wa gẹ́gẹ́ bíi tòkunbọ̀, 210 ló sì wà nínú ìwé wọn títí di òní.